Bí A Ṣe Ń Jẹ Núdù Ní Búkà Kékeré Tó Lérò Ní Bangkok

Ilé núdù tí èrò máa ń ya wọ̀ jù ní Bangkok kì í sábà rí bí ibi ńlá. Yàrá kan tí ojú rẹ̀ ṣí sí títì ni. Ìkòkò irin ràgàjì kan ń hó lẹ́nu ọ̀nà, àpótí onígíláàsì tí wọ́n to núdù àti ẹran sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tábìlì irin díẹ̀ àti àga oníke tí kò ní ẹ̀yìn ló sì kún inú rẹ̀. Búkà ni. Ẹni tó bá ti jẹun rí níbi tí ìyá olóúnjẹ ti ń bi èèyàn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà pé "ẹran mélòó?" ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó mọ̀: ọwọ́ wọn dí, ẹni tó bá sì dúró lójú ìkòkò láì mọ ohun tó fẹ́ ń dí èrò ẹ̀yìn lọ́wọ́.

Ohun méjì ló máa ń da àlejò rú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kò sí ohun tó ń jẹ́ "núdù" lásán: ẹ ó yan irú núdù, ẹ ó yan omi ọbẹ̀, ẹ ó yan ẹran. Ìkejì, abọ́ tí wọ́n gbé wá fún yín kò tíì parí. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí adùn rẹ̀ lórí tábìlì. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ bó ṣe dé, tó wá ń sọ pé oúnjẹ Thailand tẹ́, ara rẹ̀ ló ń bá wí.

Àsìkò, àti ibi tí ẹ máa lọ

Púpọ̀ nínú àwọn búkà yìí máa ń ṣí láàárọ̀, wọ́n á sì palẹ̀ mọ́ ní nǹkan bí aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán. Bí omi ọbẹ̀ bá ti tán, ó tán nìyẹn. Láàárín aago méjìlá sí aago kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì máa ń ya dé, nítorí náà ẹ lọ ní aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, tàbí lẹ́yìn aago kan ààbọ̀. Ní àsìkò Songkran, ìyẹn ọdún tuntun àwọn ará Thailand, láti ọjọ́ 13 sí 15 oṣù kẹrin, àti nígbà ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, ẹ má retí pé gbogbo wọn á ṣí, torí ọmọ ìran Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n. Àwọn baba ńlá wọn tó ṣí wá láti agbègbè Teochew ló gbé kuai tiao, ìyẹn núdù, dé Thailand. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Plaek Phibunsongkhram, tó jẹ́ olórí ìjọba Thailand nígbà náà, wá ń rọ aráàlú pé kí wọ́n máa jẹ ẹ́, kí wọ́n sì máa tà á.

Bí ẹ bá ń wá ibi tó dára, ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà kí ẹ tó ka iye èrò. Ibi tó ń ta oríṣi kan tàbí méjì péré ni mo máa ń gbà. Ibi tí wọ́n ti lẹ àwòrán ọgọ́rin oúnjẹ mọ́ ògiri ní èdè márùn-ún, àlejò bíi tiwa ni wọ́n ń retí. Àmì mìíràn tí mo fọkàn tán ni àwọn ọlọ́kadà Grab tó ń gbé oúnjẹ kiri: bí wọ́n bá dúró rẹpẹtẹ níwájú búkà kan, àwọn ará àdúgbò ló ń ránṣẹ́ síbẹ̀ láti ilé wọn.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé, mo máa ń júwe Victory Monument fún un. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin BTS, ẹ sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ẹ sì béèrè Khlong Samsen. Létí ipa omi yìí ni àwọn búkà "núdù ọkọ̀ ojú omi" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tí ẹran màlúù bá wù, kó gba Ekkamai lọ sí Wattana Panich. Wọn kì í da omi ọbẹ̀ àná nù níbẹ̀: òun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ti òní, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ ju ti búkà àdúgbò lọ, mi ò bá wọn jiyàn sí i.

Lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ má kàn wọlé lọ jókòó. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn yòókù ń ṣe. Níbi kan, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà. Níbòmíì, ìlà ló wà. Níbi tí kò bá sí méjèèjì, ẹ wo ojú ẹni tó wà nídìí ìkòkò, ẹ fi ìka sọ iye èèyàn tí ẹ jẹ́, á sì tọ́ka sí àyè fún yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ bá ẹlòmíì jókòó sídìí tábìlì kan náà, kò sí ìbínú ńbẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ jókòó, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi onítọ̀hún nípa iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìbọ̀wọ̀ fágbà kò ní ṣòro fún Yorùbá níbẹ̀, torí àwọn náà kì í pe àgbà ní orúkọ lásán. Ẹni tó ju yín lọ díẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, phi ni ẹ ó pè é. Ìyá àgbà tó ń se ọbẹ̀ ń jẹ́ pa, baba àgbà ń jẹ́ lung, ọmọdé tó ń gbé abọ́ kiri ń jẹ́ nong. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ fi khrap parí rẹ̀, bí ẹ bá sì jẹ́ obìnrin, kha. Ẹ má pariwo, kódà bí èrò bá ń pariwo. Ẹ má na ẹsẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ lé àga.

Ohùn márùn-ún ni èdè Thai ní, tiwa sì jẹ́ mẹ́ta. Etí wa á tètè mú un ju etí òyìnbó lọ, àmọ́ ahọ́n ṣì lè ṣì í sọ. Bí wọn ò bá gbọ́ yín, ẹ tọ́ka sí ohun tó wà nínú àpótí gíláàsì tàbí sí abọ́ ẹni tó jókòó sí tòsí. Kò sẹ́ni tó máa bínú. Búkà mìíràn máa ń fún èèyàn ní bébà àti pẹ́ńsùlù láti fi àmì sí ohun tó fẹ́. Bó bá jẹ́ èdè Thai nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí fóònù yín túmọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa sọ ohun tí ẹ fẹ́

Ẹ to ó báyìí lórí kí ẹ tó dé ìdí ìkòkò: núdù, omi, ẹran. Gbólóhùn kúkúrú tó bá tẹ̀ lé ètò yìí ló máa ń yá jù. "Sen lek nam kai" ni núdù tẹ́ẹ́rẹ́, olómi, ti adìyẹ. "Ba mi haeng mu" ni núdù aláwọ̀ ìyeyè, láìlómi, ti ẹlẹ́dẹ̀.

Núdù márùn-ún ló wọ́pọ̀. Ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́, láti ìlú kan náà tí ìrẹsì alápò tó kún ọjà wa fún ọ̀pọ̀ ọdún ti wá. Sen yai fẹ̀, ó sì ń yọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Sen lek tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì pẹlẹbẹ. Sen mi tín-ín-rín bí òwú. Ba mi, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wíìtì àti ẹyin ṣe, ló sún mọ́ Indomie jù, ó sì dára fún ọmọdé tí kò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba wíìtì kó yẹra fún un. Wun sen ni ìkarùn-ún, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ṣe é, ó sì máa ń mọ́ gaara bí wọ́n bá sè é tán. Bí ẹ kò bá mọ èwo ni kí ẹ mú, ẹ mú sen lek. Ó máa ń fa omi ọbẹ̀ mu dáadáa, kì í sì í fún igi ìjẹun méjì tí wọ́n fi ń mú núdù ní wàhálà tí sen yai máa ń fún un.

Ọ̀rọ̀ omi ọbẹ̀ ló jinlẹ̀ jù. Nam sai ni omi eegun tó mọ́, tí kò ní ata. Tom yam ní ata, ọsàn wẹ́wẹ́, ṣúgà àti ẹ̀pà gígún nínú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Yen ta fo pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń ba àlejò lẹ́rù: tófù pupa tí wọ́n mú kan ló fún un ní àwọ̀ yẹn, ó ń kan díẹ̀, ó sì ń dùn díẹ̀. Haeng ni èyí tí kò lómi, òróró tí wọ́n fi din ááyù ni wọ́n fi ń pò ó, wọ́n sì máa ń gbé omi ọbẹ̀ díẹ̀ wá lọ́tọ̀. Nínú ooru Bangkok, haeng ni mo máa ń bọ̀wọ̀ fún jù, pàápàá bó bá jẹ́ ba mi.

Nam tok la fi ń dá núdù ọkọ̀ ojú omi mọ̀. Nígbà tí ipa omi ṣì jẹ́ ojú pópó ní Bangkok, orí ọkọ̀ ni wọ́n ti ń sè é tí wọ́n ti ń tà á. Abọ́ kékeré ni wọ́n ń lò, torí ẹni kan náà ló ń tukọ̀, ló ń se ọbẹ̀, ló ń gba owó, ló sì ń na abọ́ sí èèyàn létí omi. Abọ́ ńlá ì bá máa dà sílẹ̀. Abọ́ kékeré yẹn ṣì wà títí dòní ní Victory Monument, ẹnu mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì ń gbà. Ẹ máa jẹ ju ọ̀kan lọ, nítorí náà ẹ béèrè méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ yí núdù wọn padà, kí ẹ sì to abọ́ òfìfo lé ara wọn. Abọ́ òfìfo wọ̀nyẹn ni wọ́n máa kà tí ẹ bá fẹ́ sanwó.

Ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀

Omi ọbẹ̀ nam tok dúdú, ó sì ki, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti màlúù ni wọ́n dà sí i. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀jẹ̀ lè fi èyí hàn wọ́n lórí fóònù: ไม่ใส่เลือด. "Má fi ẹ̀jẹ̀ sí i" ni. Wọ́n á ṣe é láì bínú, àmọ́ ní búkà tí wọ́n ti da ẹ̀jẹ̀ sínú ìkòkò ńlá ṣáájú, wọ́n á sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ dìde.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ le ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, tàbí ìjọ yín kì í jẹ ẹ́, kí ẹ kàn ní "adìyẹ ni mo fẹ́" kò tó. Eegun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ búkà, ajọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bọ gbogbo núdù, òróró inú haeng sì lè jẹ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Gbólóhùn ไม่กินหมู, "mi ò kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀", á yọ ẹran kúrò nínú abọ́ yín. Kò lè yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò. Búkà ẹran màlúù pàápàá kì í ṣe búkà halal. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìran Ṣáínà kì í jẹ màlúù nítorí Guan Yin tí wọ́n ń sìn, ìdí nìyẹn tí ẹran màlúù fi sábà ní búkà tirẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú ọbẹ̀ ibẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ẹ lọ ni ibi tí àmì halal wà: àmì aláwọ̀ ewé, lẹ́tà Lárúbáwá, tàbí oṣù àti ìràwọ̀ lórí pátákó. Ní Bangkok, ẹ lọ sí Phetchaburi Soi 7, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Ratchathewi, tàbí àdúgbò mọ́sálásí Haroon ní Bang Rak. Bí ìrìn-àjò yín bá dé Chiang Mai, ohun tí ẹ ń wá ni khao soi, tí wọ́n ń tà nítòsí mọ́sálásí Ban Haw. Ọbẹ̀ olómi àgbọn ni, pẹ̀lú ba mi rírọ̀ nísàlẹ̀, èyí tí wọ́n din lókè, ẹran adìyẹ tàbí màlúù nínú rẹ̀, àti àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, ewébẹ̀ kíkan àti ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mùsùlùmí ni mí o, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé khao soi lọba gbogbo wọn.

Ẹni tí kì í jẹ ẹran rárá kó máa wo àsíá aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n kọ เจ sí ní pupa. Ẹni tí ẹ̀pà ń ṣe níbi kó fi แพ้ถั่ว hàn wọ́n kó tó jókòó, kó sì fi tom yam sílẹ̀ pátápátá.

Ohun mẹ́rin tó wà lórí tábìlì

Lórí gbogbo tábìlì ni ẹ ó ti bá agbọ̀n kékeré kan tó ní ìgò tàbí ife mẹ́rin: omi ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní nam pla, fíníga tí wọ́n gé ata sí, ata gbígbẹ gígún, àti ṣúgà. Ibí yìí ni àwọn kan ti ń kánjú. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ omi ọbẹ̀ wò láìfi nǹkan kan sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdajì ṣíbí nam pla sí i bí iyọ̀ kò bá tó, ẹ rò ó, ẹ tún tọ́ ọ wò. Fíníga ló tẹ̀ lé e, ṣíbí kan, pàápàá bí ọ̀rá bá pọ̀ nínú abọ́. Òun ló máa ń la ẹnu. Ata ni ìkẹta.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá á sá fún ṣúgà, mo sì mọ ìdí rẹ̀: ta ló ń bu ṣúgà sọ́bẹ̀? Ẹ fi díẹ̀ sí i, bí orí ṣíbí tíì. Kò ní jẹ́ kí ọbẹ̀ dùn bí àkàrà òyìnbó. Ohun tó máa ṣe ni pé iyọ̀, kíkan àti ata á fara mọ́ra. Àwọn ará Bangkok máa ń bù ú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn kò kàn yín. Ajinomoto ti wà nínú ìkòkò ní ọ̀pọ̀ ibi, torí náà ẹ má wulẹ̀ wá a.

Nípa ata, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn akọni sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ata rodo wa lágbára ju ata wẹ́wẹ́ wọn lọ: rodo máa ń wà láàárín 100,000 sí 350,000 lórí òṣùwọ̀n Scoville tí wọ́n fi ń wọn bí ata ṣe ń ta tó, phrik khi nu wọn sì wà láàárín 50,000 sí 100,000. Ṣùgbọ́n àwa máa ń lọ rodo mọ́ tàtàṣé àti tòmátì, a ó sì dín in nínú epo kó tó kàn wá lẹ́nu. Tiwọn, tútù tàbí gbígbẹ, tààrà ló ń bọ́ sínú omi gbígbóná, ibi ọ̀fun ló sì ti ń jà. Ìdajì ṣíbí tó lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó ta, "phet nit noi" ni kí ó ta díẹ̀, "mai phet" sì ni kó má ta.

Jíjẹ ẹ́

Núdù olómi, igi ìjẹun méjì ló wà fún un ní ọwọ́ ọ̀tún, ṣíbí ní ọwọ́ òsì. Ẹ fi igi mú núdù díẹ̀ sínú ṣíbí, ẹ fi ẹran kan àti omi ọbẹ̀ kún un, ẹ gbé e sẹ́nu. Bí igi bá ń dà yín láàmú, ẹ béèrè fọ́ọ̀kì, som ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má gbé abọ́ sẹ́nu, ẹ má sì ki igi méjèèjì bọ àárín oúnjẹ lóòró, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ki tùràrí bọlẹ̀ fún òkú.

Ewé tí wọ́n gbé wá lọ́tọ̀, ẹ fọwọ́ ya á sínú omi gbígbóná kí ó tó tutù. Ọ̀kan nínú wọn, horapha, mọ̀lẹ́bí ẹfinrin ni, imú yín á sọ fún yín. Èéhù ẹ̀wà tútù náà, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nínú omi ọbẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú tí inú yín kò tíì mọ́ ọn lára.

Awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín tí wọ́n dì sínú ọ̀rá náílọ́nù, ẹyin sísè, àti abọ́ kékeré khanom thuai, ìpápánu àgbọn tó máa ń wà lórí tábìlì núdù ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Èyí tí ẹ bá ṣí ni ẹ ó san. Yìnyín inú ife máa ń ní ihò láàárín, ilé iṣẹ́ ló ṣe é, mo máa ń mu ún. Bí ẹ bá rí ohun mímu pupa rúbúrúbú tí wọ́n ń pè ní nam krajiap, ẹ má bẹ̀rù: zobo ni, ìṣápá kan náà, àfi pé ṣúgà wọn pọ̀ jù, wọn kì í sì í fi ata ilẹ̀ sí i.

Owó

Abọ́ núdù ní búkà àdúgbò sábà máa ń wà ní nǹkan bí 50 sí 80 baht, abọ́ kékeré ti ọkọ̀ ojú omi sì wà ní nǹkan bí 15 sí 25. Bí ẹ bá sọ pé "phiset", wọ́n á fi ẹran kún un, owó á sì lé díẹ̀. Kódù PromptPay tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí èèyàn lè fi fóònù sanwó, àwọn tó ní àkáǹtì báńkì níbẹ̀ ló sábà wà fún, nítorí náà ẹ mú owó bébà dání. Ẹ̀rọ ATM máa ń gba 220 baht tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí káàdì ilẹ̀ òkèèrè nígbàkígbà tí ẹ bá lò ó, ó sàn kí ẹ gba èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bébà 1,000 kì í dùn mọ́ olóúnjẹ nínú láàárọ̀. Ẹ lọ ṣẹ́ ẹ ní 7-Eleven kí ẹ tó wá, kí 20 aláwọ̀ ewé àti 100 pupa wà lápò yín.

Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ ní "kep tang", tàbí kí ẹ lọ bá wọn nídìí ìkòkò. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún na owó, bí a ṣe ń ṣe nílé. Àwòrán ọba wà lórí gbogbo bébà àti kọ́ìnì, nítorí náà bí kọ́ìnì bá yí bọ́ sílẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ dá a dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ mú un. Wọn kò retí ẹ̀bùn. Ẹ lè fi ṣéńjì díẹ̀ sílẹ̀ bó bá wù yín.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ kó sọ pé "sai thung". Wọ́n á di núdù sínú ọ̀rá kan, omi ọbẹ̀ sínú òmíràn, wọ́n á fi rọ́bà so wọ́n, wọ́n á sì pọ́n àwọn ohun mẹ́rin orí tábìlì ní wẹ́wẹ́ fún yín. Ẹ rí i pé abọ́ wà ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì yín, kí ẹ sì má da omi sí núdù títí ẹ ó fi ṣe tán láti jẹ ẹ́. Bí núdù bá ti lẹ̀ mọ́ra, omi gbígbóná láti inú kẹ́túlù lẹ ó fi tú u.